Ìṣubú Àwọn Àgbà

Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àjọ tí ń kọ́ ilé gbígbé sílẹ̀, Bódìjà sì wà lára ibi tí àjọ náà kọ́kọ́ kọ́lé sí. Àwọn géńdé tí ó kó wọ inú ilé wọ̀nyẹn, ìwọ̀nba tí ó kù nínú wọn ti di arúgbó.

Bí ìyá àgbà bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ a ní, “Màmá, ẹ jókòó, ẹ má rìn mọ́.” Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò dára. Ẹsẹ̀ tí kì í rìn a máa rọ. Bí ìyá bá dìde lóru láti lọ tọ̀, orúnkún kò ní lè gbé e, yóò sì tún ṣubú. Nígbà náà ni àwọn kan yóò wí pé ọwọ́ ayé ni.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ojú tí ó ṣe bàìbàì ni, ilẹ̀ balùwẹ̀ tí ń yọ̀, ìró tí ń wọ́ nílẹ̀, iná mànàmáná tí ó kú lójijì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá lè mú kí òòyì kọ́ àgbà bí ó bá yára dìde. Kí àwọn ọmọ kó gbogbo oògùn náà tọ dókítà lọ. Láti ọdún 2012 ni ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ti wà ní UCH, kò sì jìnnà sí Bódìjà. Kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Ọ̀pá náà dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ bàbá kò fẹ́ kí ará àdúgbò rí i lọ́wọ́ wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ọmọ-ọmọ kan máa di ìyá lọ́wọ́ mú láràárọ̀, kí wọ́n jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì jọ padà.