Aláìsàn Ni Kí Ẹ Bi Léèrè

Àwọn kan ń wí pé kí nọ́ọ̀sì má ṣe dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí aláìsàn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ àti oògùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Èrò òdì ni. Bí Yorùbá bá ní, ‘Ṣé àlàáfíà ni?’, kì í ṣe ara nìkan ni ó ń béèrè. Ọkàn, ọmọ àti ilé wà níbẹ̀. Ní 1954, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Arò, l’Ábẹ́òkúta, ó fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì jẹ́ kí ẹbí bá aláìsàn gbé.

Ṣùgbọ́n èyí kò sọ nọ́ọ̀sì di oníwàásù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti 1907 tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni àdúrà àti oògùn ti jọ ń rìn. Ó dára. Àmọ́ Mùsùlùmí ń ṣàìsàn, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kò lè dìde kúrò nídìí ìwàásù. Ìwàásù tí a bá fi ká irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ kì í ṣe ìtọ́jú.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìbéèrè kan: ‘Bàbá, kí ni ó ń fi yín lọ́kàn balẹ̀?’ Kí wọ́n sì kọ́ wọn láti dákẹ́ gbọ́ èsì. Bí ó bá ní kí a pe àlùfáà, pásítọ̀ tàbí babaláwo, kí a pè é. Bí kò bá fẹ́ ẹnikẹ́ni, kí a fi í lọ́rùn sílẹ̀. Tiwa ni láti béèrè. Tirẹ̀ ni láti dáhùn.