Oníbàárà Kì Í Ṣe Alágbe

Ní ọjà Agbójú, tí kò jìnnà sí Satellite Town ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní ìpínlẹ̀ Èkó, bí ènìyàn bá fẹ́ ra gàrí, ìyá tí ó ń tà á yóò kọ́kọ́ kí i. Yóò bu gàrí náà sínú kóńgò lójú rẹ̀ títí yóò fi ga ṣóńṣó, yóò sì tún bu díẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí èènì. Bí oníbàárà bá ní owó náà ti pọ̀ jù, ọlọ́jà kì í tìtorí èyí lé e. Ó mọ̀ pé ìsọ̀ mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ òun, àti pé ẹni tí òun bá fi ìbínú lé lónìí lè má padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kan náà bá fi ọjà sílẹ̀, tí ó gba ọ́fíìsì lọ, ọ̀rọ̀ a yí padà. Yóò tò sórí ìlà láti òwúrọ̀. Akọ̀wé tí ó wà lójú fèrèsé kò ní gbé orí sókè wò ó. Wọn yóò ní ọ̀gá kò sí nítòsí. Wọn yóò ní kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó wá. Wọn yóò ní kí ó padà wá lọ́la. Owó rẹ̀ ni ó mú dání, síbẹ̀ ohùn ẹ̀bẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ó wá tọrọ bárà.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Òótọ́ ni pé ìwà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá tí ó ń ta gàrí lè jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì náà. Ohun tí ó mú kí ìyá rẹ rìn-ín tí ọmọ sì kanra ni pé òṣùwọ̀n wà láàárín ìyá àti ẹni tí ó ń rajà, ẹni tí ó ń rajà náà sì ní ibòmíràn láti lọ. Níbi tí ohun méjèèjì yìí kò bá sí, ọlọ́jà a di ọba, oníbàárà a sì di ìránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fi èyí hàn kedere. Òfin ọdún 1950 ni ó dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀. Ní 1972 a pa á pọ̀ mọ́ Niger Dams Authority, wọ́n sì di NEPA. Ní 2005, NEPA di PHCN. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, Satellite Town àti Festac sì bọ́ sí abẹ́ Eko Electricity Distribution Company. Orúkọ ń yí padà, olówó ń yí padà, ṣùgbọ́n ohun kan dúró gbọn-in: ọlọ́jà kan ṣoṣo ni àdúgbò kan ní. Ẹni tí ó ń gbé Satellite Town kò lè sọ pé òun yóò lọ ra iná lọ́wọ́ àwọn tí ó ń pín in ní Ìkẹjà. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn sí èyí tí ó rí, kí ó tan àtùpà, tàbí kí ó ra ẹ̀rọ amúnáwá.

Ti ẹni tí kò ní mítà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà ni kóńgò ẹni tí ó ń ta iná. Òun ni olùtà àti olùrà lè jọ wò. Níbi tí kò bá sí, olùtà ni yóò fojú díwọ̀n ohun tí olùrà lò, tí yóò sì kọ iye tí ó bá wù ú sínú ìwé. Kí a sọ pé aránṣọ kan ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan, áyọ́ọ̀nù kan àti gílóòbù méjì, tí ó sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù. Ìwé owó iná dé ní ìparí oṣù, ó sì ju èrè tí ó jẹ lọ. Ó lọ béèrè. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ san án ná, kí a tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Kò rí i san. Wọ́n gun òpó, wọ́n gé wáyà rẹ̀. Aṣọ ọdún tí ó gbà ń bẹ nílẹ̀ láìrán, àwọn oníbàárà tirẹ̀ náà sì ń pè é ní elékèé. Báyìí ni ìyà ẹnì kan ṣe ń ran ẹlòmíràn. Irú ẹkún yìí pọ̀ dé ibi pé ní oṣù kejì 2020, àjọ NERC, tí ó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná, pàṣẹ pé iye tí a óò máa bù fún ilé tí kò ní mítà kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n kan.

Ẹni tí ó bá rò pé kò sí àtúnṣe, kí ó wo ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Láti 1985 tí a ti dá NITEL sílẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kí a fa wáyà wọ ilé rẹ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù Nàìjíríà kò tó 1,000,000, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ti lé ní 100,000,000. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN gbé tẹlifóònù alágbèéká dé. Ayọ̀ kún ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ń san owó odindi ìṣẹ́jú kan. Àwọn ènìyàn kígbe títí. Ní oṣù kẹjọ 2003, Globacom wọ ọjà, ó sì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá ka owó. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n pa tẹlifóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú-àáyá kà á. Láti oṣù kẹrin 2013 pàápàá, oníbàárà lè fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn láìpàdánù nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kì í ṣe pé oníbàárà jàre ní gbogbo ìgbà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń lu òṣìṣẹ́ tí a rán níṣẹ́. Akọ̀wé ojú fèrèsé kọ́ ni ó ṣe òfin ilé-iṣẹ́. Bí a bá gbé e síwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí inú ń bí, tí a kò sì fún un ní àṣẹ láti tún ohunkóhun ṣe, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ojú rẹ̀ le. Ọ̀gá tí kò fún un ní àṣẹ ni ẹ̀bi pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Síbẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ni í yọ ọfà lápó.

Ó yẹ kí oníbàárà náà mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1962, Ààrẹ John Kennedy ti Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé ẹni tí ó ń rajà ní ẹ̀tọ́ mẹ́rin: kí ohun tí ó rà má pa á lára, kí a sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ fún un, kí ó lè yan èyí tí ó wù ú, kí a sì gbọ́ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin 2018 lórí ìdáàbòbò oníbàárà sọ pé a kò gbọdọ̀ gbà ju iye tí a kọ sára ọjà lọ, àti pé a gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí a gbà ní àkókò, kí a sì tètè sọ fún oníbàárà bí ìdádúró kan bá wà. Òfin yìí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ, kí ó pa ìwé ẹ̀rí owó rẹ̀ mọ́, kí ó kọ ọjọ́ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà àti sí àjọ tí ó ń bójú tó o. Èébú ojú fèrèsé a máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìwé a máa dúró. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Lára àwọn ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì lónìí ni àwọn akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báńkì àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọ̀la yóò ti jáde. Ní ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wọn bá jókòó sí ojú fèrèsé, tí ènìyàn kan tí ó ti rìn jìnnà sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí ó rántí ìyá tí ó ń ta gàrí, kí ó gbé orí sókè, kí ó sì kọ́kọ́ kí i.