Ilé Ìtura àti Ilé Ọlọ́jọ́ Díẹ̀: Ta Ni Ẹrù Náà Wúwo Fún?

Ní ọdún 2007, nígbà tí àwọn ilé ìtura San Francisco kún nítorí àpérò ńlá kan, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tẹ́ tìmùtìmù sínú ilé tí wọ́n háyà, wọ́n sì gba àlejò sùn fún owó. Inú èyí ni ilé-iṣẹ́ Airbnb ti jáde ní ọdún 2008. Alárinà ni, kì í ṣe onílé.

Ibo ni ó ti dun àwọn onílé ìtura? Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wádìí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2017. Ní Austin, owó tí ń wọlé fún ilé ìtura dín kù ní ìwọ̀n ìdá 8 sí 10 nínú 100, àwọn olówó pọ́ọ́kú ni ó sì kàn jù. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ilé ìtura kò lè fi yàrá kún yàrá ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún. Àkókò náà ni ó máa ń fi owó lé owó láti dí àlàfo oṣù tí àlejò kò sí. Nísinsìnyí, bí àjọ̀dún bá dé, ilẹ̀kùn púpọ̀ a ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì tún tì nígbà tí àlejò bá lọ. Àlejò jèrè, a kò sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ń tẹ́ ibùsùn ní ilé ìtura kékeré ní láti jẹun ní oṣù gbogbo.

Ní New York, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ẹni tí yóò gba àlejò fún ọjọ́ tí kò tó 30 gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ wà nílé, kí àlejò má sì ju 2 lọ. Barcelona le jù bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2024, olórí ìlú náà, Jaume Collboni, kéde pé ìwé àṣẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ 10,101 yóò dópin ní ọdún 2028. Kì í ṣe nítorí onílé ìtura. Owó ilé ni ó ti ga ju agbára ọmọ ìlú lọ.

Lójú tiwa, ti New York ni ó sún mọ́ òdodo jù. Símónì aláwọ gba Pétérù sílé ní Jópà, ṣùgbọ́n ilé tí òun náà ń gbé ni. (A kò sì rò pé ó gba owó!) Ẹni tí ó fi yàrá kan ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó ra ilé mẹ́wàá, tí ó sì lé ayálégbé jáde. Kí àwọn onílé ìtura náà má yọ̀ jù: bí òfin bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bá wọn díje, iye tí wọ́n bá pè ni àlejò yóò san, àti ẹni tí ó wá tọ́jú aláìsàn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn wà lára wọn.