Black Panther: Ṣé Ìyìn Ọ̀hún Kò Ti Pọ̀ Jù?

Láti oṣù kejì ọdún 2018 tí sinimá Black Panther ti jáde ni àríyànjiyàn ti wà lórí ẹ̀, kò sì tíì tán. Àwọn kan ní kò tíì sí irú ẹ̀ rí láyé, pé ẹni tí kò bá wò ó kò tíì wo sinimá. Àwọn mìíràn ní ariwo lásán ni, pé bí wọ́n bá yọ àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nínú ẹ̀, kò yàtọ̀ sí gbogbo eré Amẹ́ríkà tí ọkùnrin kan ti máa ń wọ aṣọ fífún mọ́ra, tí á máa fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí èkejì. Ó dáa. Ó yẹ kéèyàn ṣe é bí ìyálọ́jà ṣe ń ṣe ẹ̀wà kó tó sanwó: kó dà á sínú atẹ, kó ṣa òkúta inú ẹ̀ jáde, kó wá wo èyí tó kù.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, ìtàn náà rèé ní ṣókí. Ilẹ̀ kan wà ní Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Wakanda. Kò sí nínú máàpù o. Stan Lee àti Jack Kirby, àwọn tó ń ṣe ìwé aláwòrán ní Amẹ́ríkà, ló hùmọ̀ ẹ̀ lọ́dún 1966. Irin kan wà nílẹ̀ náà, vibranium lorúkọ ẹ̀, tó lágbára ju gbogbo irin lọ, òun ló sọ wọ́n di olówó. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọrọ̀ wọn pamọ́, wọ́n ń ṣe bí akúṣẹ̀ẹ́ lójú ayé, kí ẹnikẹ́ni má baà wá jà wọ́n lólè. Ọba wọn kú, ọmọ ẹ̀ T'Challa gorí ìtẹ́. Kò pẹ́ ni ọ̀dọ́kùnrin kan dé láti Amẹ́ríkà, Erik Killmonger, tó ní òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtẹ́, nítorí àbúrò ọba tó kú ni bàbá òun. Ọ̀rọ̀ di ìjà.

Ìyìn tí fíìmù yìí gbà kì í ṣe kékeré. Tí a bá kó 100 jọ nínú àwọn tó ń kọ nípa sinimá síwèé ìròyìn, bíi 96 ló kan sáárá sí i, gẹ́gẹ́ bí àkójọ Rotten Tomatoes ṣe fi hàn. Owó tó pa kárí ayé lé ní bílíọ̀nù kan àti 300 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí wọ́n ń pín àmì ẹ̀yẹ Oscar ní February 2019, ibi méje ni wọ́n ti dárúkọ ẹ̀, títí kan ti eré tó dára jù lọ, èyí tí eré akọni irú yìí kankan kò dé rí. Mẹ́ta ló gbé lọ sílé: ti aṣọ, ti bí wọ́n ṣe kọ́ ìlú náà sójú eré, àti ti orin. Nílùú Èkó, àwọn èèyàn wọ agbádá, wọ́n wé gèlè lọ sí sinimá, bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó.

Ibi aṣọ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyìn ti tọ́ jù. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ruth E. Carter, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló wà nídìí ẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Òun ló ṣe aṣọ Malcolm X lọ́dún 1992, òun ló ṣe ti Amistad lọ́dún 1997. Wọ́n dárúkọ ẹ̀ fún Oscar nígbà méjèèjì, ọwọ́ òfìfo ló bá padà sílé. Ti Black Panther ló wá gbà, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á lórí aṣọ. Lọ́dún 2023 ó tún gba èkejì, lórí apá kejì eré yìí kan náà.

Kí ló ṣe tó fi tọ́ sí i? Kò jókòó sí Hollywood kó fi ewé àti awọ ẹran bo àwọn èèyàn nídìí, kó ní Áfíríkà nìyẹn. Fìlà ńlá tí ìyá ọba, Ramonda, dé nínú eré náà, fìlà àwọn abilékọ Zulu ló wò ṣe é. Ìlẹ̀kẹ̀ ara àwọn ọmọ ogun obìnrin, lọ́dọ̀ àwọn Maasai ló ti mú un. Ẹ̀gbà ọrùn wọn, lọ́dọ̀ àwọn Ndebele. Kúbùsù tí àwọn tó ń ṣọ́ ààlà dà bora, ti àwọn Basotho ni, tó jẹ́ pé òtútù orí òkè Lesotho ló sọ ọ́ di aṣọ iyì wọn. Ìyá àgbà kan wà nínú ìgbìmọ̀ tí orí àti ara ẹ̀ pọ́n bí ẹni kun osùn: bí àwọn obìnrin Himba ní Namibia ṣe ń fi erùpẹ̀ pupa para nìyẹn. Zuri, àgbà tó ń tọ́jú ewé ìjọba, agbádá ló wọ̀. Agbádá ni o, ẹ̀yin télọ̀! Ẹni tó ti gé agbádá rí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó ṣe é béèrè kó tó mú síṣọ́ọ̀sì.

Àwọn ọmọ ogun obìnrin yẹn pàápàá kì í ṣe àlá. Dahomey ní irú wọn. Kí wọ́n bi àwọn Ẹ̀gbá: lọ́dún 1851, àwọn obìnrin wà lára ọmọ ogun Dahomey tó dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà, lọ́dún 1864 wọ́n tún wá, wọ́n tún lé wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá wo sinimá yìí tó ní obìnrin kì í jagun bẹ́ẹ̀, baba ńlá ẹlòmíràn ti rí i kojú.

Òkúta àkọ́kọ́ wà níbí ṣá. Fìlà Zulu, osùn Himba, kúbùsù Basotho àti agbádá wa ni wọ́n kó sínú ìlú kan ṣoṣo, bí ẹni da gààrí, èlùbọ́ àti ẹ̀kọ pọ̀ mọ́ra, tó wá ní oúnjẹ Áfíríkà nìyí. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn fíìmù náà á ní ìlú àròsọ ni Wakanda, pé ẹ̀yà ibẹ̀ pọ̀, kò burú bí aṣọ wọn bá pé oríṣiríṣi. Èsì yẹn gbọ́ létí. Àmọ́ ọmọ tó wò ó ní Chicago kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni, ẹni tó sì kọ́kọ́ ronú kan kúbùsù yẹn kò sí nídìí tábìlì tí wọ́n ti pín owó.

Ìlù náà ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ Sweden ni Ludwig Göransson tó ṣe orin. Ó gbéra, ó lọ sí Senegal, ó tẹ̀lé Baaba Maal, gbajúgbajà olórin ibẹ̀, kiri. Ibẹ̀ ló ti bá Massamba Diop pàdé, ẹni tó ń lu tama. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò gángan ni tama, abẹ́ abíyá ni wọ́n ń há a sí, ọ̀pá kékeré ni wọ́n fi ń lù ú. Nígbàkígbà tí T'Challa bá yọ, tama á dún. Orúkọ ọba náà ló ń pè. Òyìnbó á gbọ́ ọ bí ariwo dídùn. Ẹni tí àyàn ti kì rí lójú agbo á mọ̀ pé oríkì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyìn tí wọ́n fún orin yẹn kò pọ̀ jù rárá. Göransson kò fi ibi tó ti kọ́ ọ pamọ́, ó ń sọ ọ́ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n orúkọ òun nìkan ló wà lára ère wúrà náà.

Ní ti èdè, Xhosa ti àwọn ará South Africa ni wọ́n ń sọ ní Wakanda. John Kani, òṣèré àgbà láti South Africa tó ṣe ọba tó kú, ló mú un wọlé nígbà tí wọ́n ń ṣe Captain America: Civil War lọ́dún 2016. (Nínú eré 2016 yẹn ni wọ́n ti fi Èkó hàn, tí bọ́ǹbù bú níbẹ̀. Atlanta ni wọ́n ti ya Èkó ọ̀hún.) Black Panther náà yà sí Nàìjíríà díẹ̀: inú igbó Sambisa ni T'Challa ti gba àwọn obìnrin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó jí wọn gbé. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Ọmọbìnrin 276 ni wọ́n jí kó ní Chibok ní April 2014. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì délé. Ìyá tó ń retí ọmọ yóò wo ibẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn.

Kókó eré náà gan-an ni Killmonger. Lọ́dún 1992, nílùú Oakland ní Amẹ́ríkà, ọba Wakanda fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa àbúrò ẹ̀. Ọmọ àbúrò náà wà níta, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi ọmọ yẹn sílẹ̀ sínú ìgboro, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú wọn, wọ́n padà sílé ọlà. Ọmọ náà wọlé, ó bá òkú bàbá ẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí wọn kò kọ́ yìí dàgbà, ó di jagunjagun Amẹ́ríkà, ó wá béèrè ilé. Ta ló jẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ eré irú èyí, ọ̀tá á kàn fẹ́ ba ayé jẹ́, kò ní sídìí. Èyí nídìí, ìdí ẹ̀ sì tọ̀nà.

Ẹ wo ibi tó ti dúró nínú mùsíọ́mù kan ní London, tó ń bi obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ bóyá àwọn baba ńlá wọn sanwó tó yẹ lórí àwọn ẹrù tí wọ́n kó síbẹ̀. Gbogbo sinimá máa ń pa lọ́lọ́ níbẹ̀. Ọdún 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sun ìlú Benin, wọ́n kó idẹ àti eyín erin ààfin lọ. Nígbà tí Nàìjíríà ń palẹ̀mọ́ FESTAC lọ́dún 1977, ìjọba bẹ British Museum pé kí wọ́n yá wa ní ojú Ìyá Ọba Idia tó jẹ́ àmì àjọ̀dún náà; wọ́n kọ̀. Lọ́dún 1979, Eddie Ugbomah tiwa ṣe fíìmù The Mask, níbi tí ọmọ Nàìjíríà kan ti lọ gbé e padà. Jámánì dá ogún idẹ padà ní December 2022. Nítorí náà, ìbéèrè Killmonger kì í ṣe tuntun létí wa, ogójì ọdún dín ọ̀kan ni Ugbomah ti fi ṣíwájú Hollywood. Ṣùgbọ́n ìgbà tí bílíọ̀nù dọ́là gbé e, gbogbo ayé ló gbọ́.

Òkúta kejì rèé, ó sì tóbi. Nígbà tí àwọn tó kọ eré náà rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu Killmonger ti ń dùn jù, wọ́n sọ ọ́ di apànìyàn. Ó yìnbọn pa ọmọbìnrin tó ń fẹ́, ó fún ìyá àgbà lọ́rùn nínú oko ewé. Báyìí, kò sẹ́ni tó lè gbè é mọ́, ìbéèrè ẹ̀ sì ṣubú tẹ̀lé e. T'Challa wá gba nínú ọ̀rọ̀ náà ní ìparí: ó ra ilé ní Oakland, ó ní òun máa fi ṣe ibi tí wọ́n á ti máa ran àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ tó lọ́rọ̀ ju gbogbo ilẹ̀ lọ! Olówó ìlú fi náírà mẹ́wàá tọrẹ, wọ́n ní kí onílù sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ibì kan wà ṣáájú ìyẹn tó yẹ kí wọ́n yìn ju bí wọ́n ṣe yìn ín lọ, ìyẹn ibi tí T'Challa ti bá àwọn baba ńlá ẹ̀ lójú ìran, tó sọ fún bàbá ẹ̀ lójúkojú pé ohun tó ṣe kò dára. Kí ọmọ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá, kó sì jẹ́ ọba fún ọba, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Bí wọ́n ṣe ń jọba níbẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ tó ní ọkọ̀ òfuurufú tí Amẹ́ríkà ò ní, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi ń mú ọba, lẹ́nu omi tó ń ya wálẹ̀ látorí àpáta. Kò sí afọbajẹ, kò sí ẹni tó bi Ifá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì lágbára láti sọ fún Aláàfin tó bá ṣìwà hù pé ìlú kọ̀ ọ́. Ní Wakanda, àjèjì dé ní àárọ̀, ó ju ọba sódò, ní alẹ́ gbogbo ìjòyè ti ń tẹrí ba. Ẹni tó kọ ìyẹn kò tíì gbé ìlú tó ní ààfin rí.

Ìjà ìkẹyìn burú. Ọkùnrin méjì wọ aṣọ dúdú, wọ́n ń jà nínú òkùnkùn lójú irin rélùwéè, èèyàn ò mọ ẹni tó ń lu ẹnì kejì. Àgbáǹréré tí kọ̀ǹpútà yà ń sáré kiri lókè. Àwọn tó ń pín Oscar náà rí i, nítorí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ fíìmù náà níbi iṣẹ́ àrà kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti rújú. Wọ́n dárúkọ ẹ̀ fún eré tó dára jù lọ, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ Ryan Coogler tó darí ẹ̀, wọn ò dárúkọ àwọn tó kọ ìtàn ẹ̀, wọn ò dárúkọ òṣèré kan ṣoṣo. Eré tí ó dára jù lọ, tí olùdarí ẹ̀, òǹkọ̀wé ẹ̀ àti òṣèré ẹ̀ kò dára jù? Lọ́dún 2008 tí The Dark Knight jáde, eré márùn-ún péré ni wọ́n ń dárúkọ ní ipele yẹn, wọ́n sì tì í síta. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá. Yàrá ti fẹ̀ kí Black Panther tó dé.

Ìdájọ́ wá nìyí: aṣọ, ìlù, ìlú tí Hannah Beachler kọ́ sójú eré àti Killmonger tí Michael B. Jordan ṣe, gbogbo ìyìn ni kí wọ́n gbà. Ìtàn fúnra ẹ̀ àti ìjà ẹ̀ kò tó ohun tí 96 nínú 100 ń sọ.

Àwọn kan ti ń sọ pé láti ìgbà tí Chadwick Boseman ti kú, ẹni tó bá rí àbùkù eré yìí ń bú òkú. Rárá o. Ọdún 2016 ni wọ́n ti rí jẹjẹrẹ ìfun lára ẹ̀, kò sọ fún aráyé, ó ṣe T'Challa pẹ̀lú ẹ̀ lára, ó ja gbogbo ìjà yẹn, títí ó fi kú ní August 2020, lẹ́ni ọdún 43. Ó ṣe ọba jẹ́jẹ́, kò pariwo, ó ń fetí sílẹ̀ kó tó fèsì, bí ọba ṣe ń ṣe. Nínú ibi méje tí wọ́n ti dárúkọ eré náà, orúkọ tiẹ̀ kò sí ní ẹyọ kan.