Kíkọ́ èdè Kòríà: Ìtumọ̀ nìkan kò tó

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè ọ̀nà, tí kò dúró gbọ́ ìdáhùn tán, lè bá ara rẹ̀ nínú igbó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ èdè Kòríà. Wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á mú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá eré. Fíìmù àti orin Kòríà ló fa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ́ èdè náà, láti ọdún 2010 sì ni ilé àṣà Kòríà ti wà nílùú Àbújá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń lépa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Gúúsù Kòríà ń ṣe fún àwọn àjèjì, ìyẹn Global Korea Scholarship. Ẹni tó bá rí i gbà sábà máa ń fi ọdún kan kọ́ èdè kó tó wọ kíláàsì ní yunifásítì, ó sì gbọ́dọ̀ dé ìpele kẹta nínú ìdánwò TOPIK tó ní ìpele 6. Wọn kì í gbé ìwé atúmọ̀ èdè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò náà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ̀, fóònù kò ní bá a sọ ọ́ níbẹ̀.

Irinṣẹ́ kò wọ́n. Ìwé atúmọ̀ èdè Naver wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ ìjọba tó ń mójú tó èdè Kòríà náà ní ọ̀kan fún àwọn àjèjì. Nǹkan bí 50,000 ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ wọn sí èdè bíi Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Lárúbáwá àti Rọ́ṣíà. Kò sí Yorùbá níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá ní láti gba ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá kó tó dé Kòríà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí èèyàn bá tẹ 'you' sínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó lè bá 'dangsin' pàdé. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín 'ìwọ' àti 'ẹ̀yin', ṣùgbọ́n Kòríà mọ ọ̀wọ̀ àgbà dáadáa. Tọkọtaya lè pe ara wọn ní 'dangsin', ó sì wà nínú orin; ẹni tó bá fi pe àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí lójú pópó Seoul, ìjà ló ń wá. Ipò ni wọ́n fi ń pe àgbà níbẹ̀: 'seonsaengnim' ni olùkọ́, bí Yorùbá ṣe ń sọ pé 'ẹ̀yin tíṣà'.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé Yorùbá ló sún mọ́ wọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. 'Dongsaeng' ni àbúrò, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. 'Jukda' ni kí èèyàn kú, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa àgbà tó lọ. 'Doragasida' ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ tó wá láti ara pípadà síbi téèyàn ti wá. Ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé ilé ni àgbà ń rè, kò yẹ kí èyí ṣòro fún un.

Kí ni ṣíṣe báyìí? Àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ Hangul, álífábẹ́ẹ̀tì tí Ọba Sejong ṣe ní 1443, tó sì kéde rẹ̀ ní 1446. Lẹ́tà 24 péré ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà òyìnbó wá ọ̀rọ̀ Kòríà kiri yóò máa ṣì í kọ.

Èkejì, 'da' ló ń parí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ìwé atúmọ̀ èdè Kòríà. 'Gasseoyo', ìyẹn 'ó lọ', abẹ́ 'gada' ló wà. 'Deureoyo' tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀: ó lè wá láti ara 'deutda' tí í ṣe gbọ́, ó sì lè wá láti ara 'deulda' tí í ṣe gbé.

Ẹ̀kẹta, kí ó ka àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. 'Bae' lè jẹ́ ikùn, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì lè jẹ́ èso kan. Bí ẹnì kan bá kọ 'oko' láìfi àmì sí i, Yorùbá yóò kọ́kọ́ ka gbólóhùn náà kó tó mọ̀ bóyá oko ni, ọkọ ni, tàbí ọkọ̀. Ohun kan náà ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ó wo orísun ọ̀rọ̀. 'Hak', tó wá láti èdè Ṣáínà, jẹ mọ́ ẹ̀kọ́: 'hakgyo' ni ilé ìwé, 'haksaeng' ni akẹ́kọ̀ọ́, 'daehakgyo' ni yunifásítì. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ mẹ́ta.

Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ èdè náà ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí, pẹ̀lú gbólóhùn kan àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Ó sì yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ní yunifásítì bá àwọn ará Kòríà jókòó, kí Yorùbá náà lè ní àyè nínú ìwé atúmọ̀ èdè wọn. Títí dìgbà náà, kí ọ̀dọ́ máa ka àlàyé tán kó tó la ẹnu. Ẹyin lohùn; bó bá bọ́, kò ṣe é kó.