Ibú Ẹ̀ẹ̀rùn ni Àká Irúgbìn Ẹja
Láti ọwọ́ Ọmọ Olódò Ọbà

“Ẹja ni ẹja ń jẹ kí ó tó sanra” ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìjẹun àwọn ẹ̀dá inú omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi sùúrù wo Odò Ọbà, èyí tí a fi ń ki Ìwó Olódò Ọbà, ilé odídẹrẹ́, láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò títí di ìgbà ọyẹ́, yóò rí i pé ààbọ̀ òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí òjò bá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, tí omi kún bèbè tí ó sì ya wọ inú pápá, ewé jíjẹrà, ekòló, ikán àti èso igi a di oúnjẹ ọ̀fẹ́: epìyà a máa họ ewé yíyọ̀ lára òkúta, ọ̀bọ̀kún, tí àwọn onímọ̀ yẹ inú rẹ̀ wò ní adágún Aiba ní Ìwó, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2011, a máa tú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ wá kòkòrò, àrọ̀, tí kì í yan oúnjẹ, a sì máa gbé ohun tí ó bá pàdé mì. Ìkún àti ìfà omi yìí ni Junk, Bayley àti Sparks sọ ní 1989 pé ó ń bọ́ àwọn odò tí ń kún ya bèbè. Ilẹ̀ ni ó ń bọ́ omi.

Àmọ́ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí Ọbà rẹlẹ̀, tí àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn sí i sì gé sí ibú kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ orí ilẹ̀ a dáwọ́ dúró, ẹja a sì há mọ́ra wọn; ìgbà yìí gan-an ni òjìjì, tí ń fi iná ara rẹ̀ dá ẹja kékeré kú, máa ń rí tirẹ̀ ṣe. Síbẹ̀ Zaret àti Rand, tí wọ́n ṣe ìwádìí nínú odò kan ní Panama tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971, rí i pé ìgbà ọ̀dá gan-an ni ẹja kọ̀ọ̀kan ń fà sí oúnjẹ tirẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ku ìsàlẹ̀ ìkòkò, olúkúlùkù a mọ abọ́ tirẹ̀.

Ìwọ̀nba ẹja tí ó bá ye ẹ̀ẹ̀rùn nínú ibú wọ̀nyí ni yóò yé, tí yóò pamọ, nígbà tí òjò bá padà; àwọn ni èbù, ẹni tí ó bá sì jẹ èbù tán, kí ni yóò gbìn? Ohun tí àwọn kan ń ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n bá da Gammalin 20, oògùn tí a ṣe fún kòkòrò kòkó, sínú ibú: ó ń pa ẹja, ó ń pa ìdin àti kòkòrò tí ẹja ń jẹ, kò sì yọ ẹni tí yóò jẹ ẹja náà sílẹ̀. Lindane, èròjà tí ó fún un lágbára, ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi kún àwọn májèlé tí Àdéhùn Stockholm kà léèwọ̀ ní 2009. Ẹni tí ó sì gé igi etí odò lulẹ̀ ti gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ odò.

Àwọn kan yóò ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí apẹja má pẹja: ìwọ̀, àwọ̀n àti ìgèrè a máa mú díẹ̀, wọn a sì ṣẹ́ díẹ̀ kù; májèlé kì í ṣẹ́kù. Ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni ẹja pípa, èèwọ̀ náà sì di ààbò fún odò. Oníṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí ń kírun kò ní láti bọ odò kí wọ́n tó lè kọ́ ọgbọ́n yìí: kí ìletò kọ̀ọ̀kan létí Ọbà yan ibú kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn láti Oṣù Kejìlá títí òjò yóò fi rọ̀, kí wọ́n sì dá igi bèbè rẹ̀ sí.

Àdúrà Ìwó ni pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ṣùgbọ́n bí oko ìwájẹ fúnra rẹ̀ bá kú, ibo ni odídẹrẹ́ yóò ti jẹun?