Ọkọ̀ Tí Ó Yẹ Kí Ó Dúró Nílé

Ìrìn-àjò kì í ṣe ohun tuntun ní Òsí, ní Ìlọ́fà, àti ní gbogbo agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ẹrù tí arìnrìn-àjò òde òní ń fi sílẹ̀. Bàbá wa tí ó lọ sí òkè odò láyé àtijọ́ di ẹrù rẹ̀ sórí, ó sì ń lọ. Ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sí Ìlú Ọba tàbí Kánádà lónìí ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni kí ó ṣe sí i? Kí ó gbé e wọ ọkọ̀ òkun ni, kí ó tà á ni, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹbí?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní Oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà lè béèrè fún ìwé-àṣẹ olùkọ́ tiwọn, ìyẹn àwọn tí ń kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè. Fún ọ̀pọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ ni ohun-ìní tí ó tóbi jù lọ. Bí ó bá ṣì í ṣe, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti bá omi lọ.

Àwọn kan ń gbani nímọ̀ràn pé kí a gbé e lọ. Wọ́n ní ẹni tí ó mọ àìsàn ọkọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ fi owó ra àìsàn ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n òfin kò gbè é lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìlú Ọba. Láti ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì kúrò ní apá òsì tiwọn. Òfin wọn kò ka ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì léèwọ̀, ṣùgbọ́n a ní láti tún iná iwájú rẹ̀ ṣe kí ó má baà fọ́ ẹni tí ń bọ̀ lójú. Owó ibodè jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ náà, owó orí ọjà sì jẹ́ ìdá 20. Ẹni tí ó ti gbé lẹ́yìn odi fún oṣù 12, tí ó sì ti ni ọkọ̀ náà fún oṣù 6, lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dárí owó yìí jì í, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á fún oṣù 12. Bí ọkọ̀ náà kò bá tíì pé ọdún 10, a ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ó bá ìlànà wọn mu. Bí ó bá sì gbó, Lọ́ńdọ̀nù ń dúró dè é: láti Oṣù Kẹjọ 2023, gbogbo àgbègbè ìlú náà ni ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò mọ́ tó ti ń san pọ́ùn 12 àti ààbọ̀ lójúmọ́.

Kánádà àti Amẹ́ríkà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí a kò ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ààbò wọn kò lè wọlé, àfi bí ó bá ti pé ọdún 15 ní Kánádà, tàbí ọdún 25 ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí a ń gùn jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Ẹni tí ó bá tún sanwó láti dá a padà, omi odò ni ó pọn lọ dà sódò.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí ọkọ̀ dúró nílé. Ó ku kí a mọ̀ bóyá títà ni tàbí fífi sílẹ̀.

Ẹni tí yóò tà á, kí ó rántí Ghana. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú, nítorí oníbàárà mọ̀ pé wọn kò lè dúró. Lónìí, ọwọ́ ara wa ni a fi ń fún ara wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí a kò wá oníbàárà títí tí físà fi dé. Kí a tún ọkọ̀ ṣe, kí a sì tọ́jú ìwé rẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ ń bọ́, kí ó má tà á kí físà tó dé ọwọ́. Bí owó bá sì ti wọlé, kí ó má jókòó lórí náírà: dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2023 ti ré kọjá 1,500 ní 2024.

Ẹni tí yóò fi í sílẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni yóò wà á? Ta ni yóò máa ra epo, láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní Oṣù Karùn-ún 2023? Orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé rẹ̀? Bí ìyá arúgbó bá nílò ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán tàbí Ìlọrin, ọmọ tí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ṣe ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, adìẹ ni yóò máa yé ẹyin sínú rẹ̀. Èyí tí ó sì wà lórúkọ ẹni tí kò sí nílé lè fa orúkọ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá bí ó bá ṣèèṣì.

A kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láì kàn sí ìjọba. Ìdí tí ọkọ̀ ọmọ kan fi di ọ̀ràn gbogbo ẹbí ni pé bọ́ọ̀sì tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ṣọ̀wọ́n ní ìgbèríko wa. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, àsíá yòówù tí ẹ ìbáà máa gbé, nígbà tí olùdíje bá dé Àràrómi-Òpin tàbí Ìlọ́fà, ẹ bi í pé bọ́ọ̀sì mélòó ni owó náà yóò rà, ọ̀nà wo ni yóò sì tún ṣe.

Ẹni tí ń lọ, Ọlọ́run yóò sìn ín. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ìṣirò ṣáájú ìfẹ́ tí ó ní sí ọkọ̀ rẹ̀, nítorí irin ni ọkọ̀, a lè rí òmíràn rà lọ́hùn-ún. Owó tí a bá fi ṣòfò lórí omi kò ní í padà wá.